Bridget Murphy: Opó Tó Gbé Ilé Kennedy Ró

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá ń pìtàn ìdílé Kennedy ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ Patrick Kennedy ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọkùnrin ará Ireland tó bí bàbá tó bí bàbá Ààrẹ John F. Kennedy. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi lónìí ni pé ìyàwó rẹ̀, Bridget Murphy, ni kò jẹ́ kí ìdílé náà túká, ó sì yẹ kí orúkọ rẹ̀ máa ṣáájú nínú ìtàn wọn.

Àgbègbè Wexford, ní gúúsù ìlà-oòrùn Ireland, ni àwọn méjèèjì ti wá. Abúlé Dunganstown, nítòsí ìlú èbúté New Ross, ni wọ́n bí Patrick sí ní nǹkan bí ọdún 1823. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń san fún ẹni tó ni ilẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin, nítorí náà kò retí pé oko náà lè kan òun láéláé. Ó kọ́ iṣẹ́ àgbá onígi kíkàn ní ilé iṣẹ́ ọtí kan ní New Ross.

Ní 1845, àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pòtétò, oúnjẹ tí àwọn tálákà Ireland gbójú lé, rà mọ́lẹ̀. Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò jẹ nǹkan mìíràn. Ọkà wà, màlúù wà, bọ́tà wà, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wọ̀nyí ni àgbẹ̀ ń tà kó tó rí owó ìṣákọ́lẹ̀ san, torí pé bí kò bá san án, wọ́n á lé e kúrò lórí ilẹ̀ tòun tìdílé. Ọkọ̀ ojú omi ń kó oúnjẹ jáde lọ sí England, ebi sì ń pa ẹni tó gbin oúnjẹ náà kú. Kó tó di 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn ti bá ìyàn náà lọ, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan sì ti ṣí kúrò nílẹ̀ náà. Ìyà tó jẹ Wexford kò tó ti àwọn tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, oko àwọn Kennedy kò sì pa run. Àmọ́ kí ni ọ̀dọ́kùnrin tí kò ní ilẹ̀ ń dúró ṣe? Láàárín 1848 sí 1849, Patrick kọjá sí Boston, ìlú èbúté ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà.

Bridget náà sọdá òkun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé apá yìí. Àwọn obìnrin tó ṣí kúrò ní Ireland lọ sí Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọkùnrin ní iye, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì lọ́kọ. Iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe nílé àwọn olówó, tí wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé kí àbúrò wọn lè wọkọ̀ tẹ̀ lé wọn.

Ní September 26, 1849, Patrick àti Bridget ṣègbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní East Boston, ládùúgbò èbúté. Patrick ń kan àgbá, Bridget ń bímọ: Mary, Joanna, John, Margaret àti Patrick Joseph. John kò pé ọmọ ọdún méjì tó fi kú. Ìlú náà kò sì fẹ́ràn wọn. Ní 1854, ẹgbẹ́ òṣèlú Know-Nothing, tó kórìíra àlejò àti ìjọ Àgùdà, gba ipò gómìnà Massachusetts, ó sì gba ìjókòó ilé aṣòfin fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ní November 22, 1858, Patrick kú. Kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Patrick Joseph, àbíkẹ́yìn, kò tíì pé ọdún kan.

Ibí yìí gan-an ni mo gbà pé ìtàn ìdílé náà ti bẹ̀rẹ̀. Opó ni Bridget, ó ní ọmọ mẹ́rin, kò sí ilẹ̀, kò sí ogún. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí èbúté gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà wósìwósì, abẹ́rẹ́ àti òwú. Nígbà tó yá, ó ra ṣọ́ọ̀bù náà. Ó fi oúnjẹ kún ọjà, ó fi ọtí kún un. Èrè ọjà yẹn ló fi tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà.

Patrick Joseph fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó lọ ń kó ẹrù ní èbúté. Ó tọ́jú owó, ó fi ra ilé ọtí kan. Lójú tèmi, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ òwò níbẹ̀; ọmọ ìyá ọlọ́jà ni. Nígbà tí yóò fi di 1884, wọ́n ti dìbò yàn án sílé aṣòfin Massachusetts, ilé kan náà tí àwọn Know-Nothing ti jókòó sí ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Ojú Bridget ló ṣe. Ó tún rí Joseph, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní September 1888, kó tó kú ní December ọdún náà. Joseph yìí ni Amẹ́ríkà fi ṣe aṣojú rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1938, ọmọ Joseph ló sì di ààrẹ ní 1961.

Ní June 1963, Ààrẹ Kennedy dúró ní èbúté New Ross, ó ní nǹkan méjì péré ni bàbá ńlá òun gbé lọ: ìgbàgbọ́ tó lágbára nínú ẹ̀sìn rẹ̀ àti ìfẹ́ òmìnira. Ọ̀rọ̀ tó wú àwọn èèyàn lórí ni, ó sì wú èmi náà lórí. Ṣùgbọ́n Bridget kò sí nínú gbólóhùn yẹn. Mẹ́jọ ni àwọn òbí tó bí àwọn òbí àgbà Kennedy lọ́kùnrin lóbìnrin, Ireland ni gbogbo wọn ti wá, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ obìnrin.

Wíwá irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ní Ireland, ọdún 1864 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé “nǹkan bí” tí a bá ń dárúkọ ọdún tí wọ́n bí Patrick. Ṣùgbọ́n láti 1841 ni ìpínlẹ̀ Massachusetts ti ń gba àkọsílẹ̀ ọmọ bíbí, ìgbéyàwó àti ikú jọ láti gbogbo ìlú rẹ̀. Ẹni tó bá ní bàbá ńlá ará Ireland tó gúnlẹ̀ sí Boston lásìkò yẹn, kó kọ́kọ́ wá ìwé ìgbéyàwó rẹ̀. Kó ka orúkọ ìyàwó níbẹ̀, kó sì tọpa obìnrin náà títí kọjá ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú.