Lọ́yà Ọ̀fẹ́ fún Àgbàlagbà Tí Kò Lè Jáde Nílé ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìrémọ àti Mọ̀ọ̀rè ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ ó rí ìyá àgbà tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́, ṣùgbọ́n tí ilé tàbí ilẹ̀ kan ṣì wà lórúkọ wọn. Ẹnì kan nínú ẹbí a gbé ìwé wọlé, a gbé yíǹkì kalẹ̀ sórí ẹní, a di àtàǹpàkò wọn mú, a ní, “Màmá, ibí ni kí ẹ tẹ̀.” Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ nìyẹn.

Òfin tí ó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé sọ pé kí a ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ yé wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka, kí ẹni tí ó kọ ọ́ sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí, títà tí olórí ẹbí kò lọ́wọ́ sí, òtúbáńtẹ́ ni lójú ilé ẹjọ́. Àwọn tí ó ń gbé ìwé kiri mọ èyí ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ.

Ta ni yóò wá gbèjà màmá láìgba owó? Ìjọba àpapọ̀ dá Legal Aid Council, àjọ tí ń pèsè lọ́yà ọ̀fẹ́ fún aláìní, sílẹ̀ ní 1976, òfin ọdún 2011 ni ó sì ń darí rẹ̀ báyìí. Ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí ó jẹ́ ₦70,000 láti 2024, lè béèrè fún lọ́yà wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n máa ń gbà. Ẹ rán ọmọ tàbí aládùúgbò tí ọkàn yín balẹ̀ sí lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Òṣogbo, kí ó ṣàlàyé pé màmá kò lè dìde, kí ó sì béèrè bóyá lọ́yà lè wá sílé.

Bí lọ́yà bá dé, kí gbogbo ará ilé bọ́ síta, kódà ẹni tí ó lọ pè é, kí màmá lè sọ tinú wọn. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìhágún ni wọ́n fẹ́ ṣe, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ sí i. Ọmọ tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nítorí bí ó bá ṣe ẹlẹ́rìí, ìwé náà yóò dúró, ṣùgbọ́n ogún tirẹ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aládùúgbò méjì tí kò ní ìpín kankan níbẹ̀ ni kí ẹ pè.