Kànga yín ló máa yan pọ́ǹpù fún yín: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn àgbẹ̀ sọ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tí ò ráyè wá sí ìpàdé àwa àgbẹ̀ ní Ìkọ̀lé lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa pọ́ǹpù omi tó ń lo sólà síbí, torí fídíò tí ẹnì kan ká, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀ ju ohùn mi lọ (à ń sọ̀rọ̀ sólà, jẹnẹrétọ̀ là ń fi gbé máìkì, ẹ má dá mi lóhùn). Mo tún un tò díẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ náà ló ṣe wà.

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí màmá kan fi nawọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ẹ má wulẹ̀ da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wa lójú, páànẹ̀lì mélòó ló máa fa omi dé oko mi?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Tó bá di oṣù kẹta, kí òjò tó dé, omi inú kànga yín máa ń jìn tó mítà mélòó?" Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. "Ní wákàtí kan, lítà mélòó ló lè sun?" Wọ́n ní ta ló ráyè ka ìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Èèyàn púpọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè wálẹ̀, wọ́n á ra páànẹ̀lì, wọ́n á ra pọ́ǹpù, ìgbà tí wọ́n bá dé ìdí kànga ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ohun tí wọ́n rà àti ohun tó wà nílẹ̀ ò mọra rí.

Ẹ sì wo ibi tá a wà náà. Èkìtì rèé, òkìtì lọ́tùn-ún, òkìtì lósì, àpáta ló tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ wa. Kò rí bíi tàwọn ará Èkó tí ilẹ̀ wọn jẹ́ yanrìn. Omi tiwa, inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta àti ojú ibi tí àpáta ti sán ló máa ń sá pamọ́ sí, ìdí nìyẹn tí borehole (kànga tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́) méjì fi lè wà nínú ọgbà kan náà, kí ọ̀kan máa sun dáadáa kí èkejì máa tọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Kò sí pọ́ǹpù tó lè fa omi tí àpáta ò bá fún un, kódà kẹ́ ẹ to páànẹ̀lì bo gbogbo Ìkọ̀lé.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá kan tó ń sin ẹja lójú ọ̀nà Adó ní òun fẹ́ omi tó máa tú yàà, mo gbé pọ́ǹpù 1.5 HP (HP ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀rọ) sí borehole wọn, mi ò wọn nǹkan kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́, omi tú lóòótọ́, gbogbo wa ya fọ́tò. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Kànga náà á sinmi, á tún sun díẹ̀, pọ́ǹpù á fà á tán, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fi sensọ̀ tó ń pa á tí omi bá gbẹ sí i. Omi tó yí ẹ̀rọ yẹn ká nísàlẹ̀ ló ń mú un tutù, tí ò bá sí omi, ṣe ló máa yan ara ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló jóná. Èmi ni mo san owó ẹ̀, mo jẹ gbèsè di Kérésì. Látìgbà yẹn, mi ò fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo ti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Kò le. Ẹ yá pọ́ǹpù, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ fà á fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, nínú ẹ̀ẹ̀rùn o, kì í ṣe inú oṣù kẹsàn-án tí gbogbo kànga ń ṣe fọ́ńté. Ẹ gbé kẹ́gì oní lítà 20 sábẹ́ páìpù, ẹ tẹ aago fóònù. Tó bá kún láàárín 40 ìṣẹ́jú-àáyá, lítà 1,800 ni fún wákàtí kan. Ẹ tún máa wò ó bóyá omi inú kànga ń lọ sílẹ̀ tàbí ó dúró lójú kan. Ibi tó bá dúró sí nígbà tí ẹ̀rọ ń fà á lọ́wọ́, ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka gíga tí pọ́ǹpù máa gbé omi.

Mo fẹ́ ká dúró lórí gíga yìí díẹ̀ torí àwọn tó ń tajà máa ń fi ṣì wá lọ́nà. Wọ́n á bi yín pé borehole yín jìn tó báwo, ẹ ní mítà 60, wọ́n á ta pọ́ǹpù tó ń gbé omi ní mítà 60 fún yín. Kì í ṣe ìyẹn! Ibi tí omi wà títí dé ẹnu táǹkì, òun lẹ máa kà, ẹ wá fi ìnira inú páìpù kún un, ìyẹn bí ara páìpù ṣe ń fa omi sẹ́yìn. Páìpù yẹn náà, ẹ má fojú di í o. Tẹ́ ẹ bá ń gba lítà 3,000 ní wákàtí kan kọjá nínú páìpù inch kan tó gùn ní ọgọ́rùn-ún mítà, ó lé ní mítà mẹ́wàá tẹ́ ẹ máa pàdánù síbẹ̀, bíi pé ẹ tún gbé táǹkì gun ilé alájà mẹ́ta. Inch kan àbọ̀, kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ra páìpù, ojoojúmọ́ lẹ máa sanwó ìnira.

Ó wá ku bí omi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Màmá tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn ní àwọn ń gbin ata àti tẹ̀tẹ̀ sórí ààbọ̀ éékà, wọ́n sì ní adìẹ 500 tó ń yé ẹyin. Ẹ̀fọ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mu bíi lítà márùn-ún lórí square mítà kan lójúmọ́, ààbọ̀ éékà jẹ́ nǹkan bíi 2,000 square mítà, ẹ rí i pé lítà 10,000 ti lọ. Adìẹ 500 ò ju lítà 125 lọ nígbà tí ojú ọjọ́ tutù, tí oòrùn bá mú wọ́n ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ̀fọ́ ló ń mu omi, adìẹ ń fi ṣeré ni. Ẹlẹ́ran tó jókòó lẹ́yìn ní tòun ńkọ́, màlúù kan máa ń mu bíi lítà 30 sí 60, èyí tó ń fún wàrà lè mu 100.

Ká fi ti màmá ṣe ìṣirò. Ẹ mú omi yẹn, ẹ kà á ní ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún lítà, ó jẹ́ 10. Ká ní láti ojú omi dé ẹnu táǹkì pẹ̀lú ìnira páìpù jẹ́ mítà 40, ẹ fi 40 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 400, ẹ fi 367 pín in (nọ́ńbà tó ń sọ omi àti gíga di yúníìtì iná nìyẹn). Ó lé díẹ̀ ní 1, ìyẹn yúníìtì iná kan, yúníìtì tẹ́ ẹ máa ń rà sórí prepaid náà ni. Àmọ́ pọ́ǹpù kì í lo gbogbo iná tẹ́ ẹ bá fún un, bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń di omi, ó wá di 2.7. Oòrùn tiwa níbí, kí ẹ máa kà á sí wákàtí mẹ́rin tó gbóná dáadáa lójúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ máa ń mọ́ fún wákàtí méjìlá. Ẹ fi mẹ́rin yẹn pín 2.7, ó di bíi 680 wáàtì, ẹ fi ti eruku àti ooru kún un, ó máa sún mọ́ 900 wáàtì. Páànẹ̀lì oní 550 wáàtì méjì tó o. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé mẹ́jọ! Màmá ní, "Háà."

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jó. Tí kànga wọn ò bá lè sun ju lítà 1,000 ní wákàtí kan, láàárín bíi wákàtí méje tí oòrùn lè fi yí pọ́ǹpù lójúmọ́, ẹ ò lè rí ju 7,000 lọ, kódà kẹ́ ẹ ra mẹ́jọ yẹn. Ohun tó kàn ni pọ́ǹpù kékeré tó ń fà á jẹ́jẹ́ láti ìgbà tí oòrùn bá yọ, kẹ́ ẹ wá dín ẹ̀fọ́ kù tàbí kẹ́ ẹ lo drip, ìyẹn páìpù tó ń kán omi sí ìdí ọ̀gbìn, kẹ́ ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀. Pọ́ǹpù tó rọra ń ṣiṣẹ́ kì í fi ariwo ṣe fọ́tò, àmọ́ òun ló máa ń kún táǹkì.

Oríṣi pọ́ǹpù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń dáko létí odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tàbí adágún Ẹ̀ró ní Ìkùn, èyí tó ń jókòó sórí ilẹ̀ tó yín, kó má ṣáà ga ju nǹkan bíi mítà méje lọ sókè omi, tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní lè fà á. Tó bá jẹ́ inú kànga, èyí tó ń rì sínú omi ni. Ó wá ní méjì: èyí tó ń fi abẹ̀bẹ̀ tó ń yí da omi sókè, ó dáa fún omi púpọ̀ tí ò jìn, àmọ́ tí kùrukùru bá bo oòrùn tó sì ń yí jẹ́jẹ́, ó lè má gbé omi dókè rárá. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní helical rotor, ń lọ́ omi sókè bí ẹni lọ́ aṣọ, kódà tí oòrùn bá rọ̀ á ṣì máa gbé díẹ̀díẹ̀. Fún borehole àpáta wa tó jìn tí kò sì sun púpọ̀, òun lèmi máa ń rà, àfi tí yanrìn bá pọ̀ nínú omi, torí yanrìn máa ń jẹ rọ́bà inú ẹ̀.

Bàbá kan bi mí nípa bátìrì. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi pa mọ́, iná àbí omi?" Táǹkì ni bátìrì àgbẹ̀. Táǹkì kì í kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, olè kì í sì gbé e sá lóru. Ibi tí òkìtì Èkìtì ti ṣe wá lóore nìyí: ẹ gbé táǹkì sórí àpáta tó wà lókè oko, tó bá ti dókè lẹ ti sanwó ẹ̀ tán, ó máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lóru tẹ́ ẹ bá fẹ́.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́. Páànẹ̀lì, ẹ kọjú ẹ̀ sí gúúsù, ẹ dà á díẹ̀ bíi digírì mẹ́wàá kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Lásìkò ọyẹ́ bí irú èyí, ẹ nù ún láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ má jẹ́ kí òjìji igi kòkó kàn án, ẹyọ páànẹ̀lì kan tó bá wà lábẹ́ òjìji lè fa gbogbo àwọn tó so mọ́ ọn sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá lọ rà á, ẹ mú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná dání, ẹ gbé e sóòrùn: ojúlówó 550 máa ń súnmọ́ 50 volt tí ẹ ò bá tíì so nǹkan kan mọ́ ọn, ìwọ̀n ẹ̀ sì máa ń tó kílò 27. Tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín bíi páálí, ẹ dá a padà fún wọn. Ti olè, ẹ jó nọ́ọ̀tì ẹ̀ pọ̀ mọ́ irin, ẹ sì wá ajá.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní epo ṣì rọrùn ju gbogbo wàhálà yìí lọ. Mo bi í pé èló ló ń ra lítà kan kó tó di oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́. Ó ní kò tó 200 náírà. Mo ní èló ló wá ń rà á báyìí. Kò dáhùn, ó kàn jókòó. Pọ́ǹpù epo kékeré yẹn sì ń mu bíi lítà kan sí kan àbọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Lánàá ni màmá yẹn pè mí. Wọ́n ti so òkúta mọ́ okùn, wọ́n ti jù ú sínú kànga, wọ́n ti wọn ibi tó tutù. "Ẹnjiníà, mítà mọ́kàndínlógún ni. Ṣé ká lọ rà á?" Mo ní ó ṣì ku oṣù méjì kó tó di oṣù kẹta, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, pé àwọn ti gbé okùn náà kọ́ sókè kí àwọn ọmọ má lọ fi so ewúrẹ́.