Ojú Tí Kò Tíì Rí Ara Rẹ̀: Ohun Tó Ń Fà Wá Nínú Àwòrán Orí Fíìmù

Ẹ kú ìjókòó o. Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ìdí tí àwòrán ènìyàn tí wọ́n fi kámẹ́rà onífíìmù yà fi ń mú ọkàn ẹni padà sẹ́yìn, àwọ̀ ni wọ́n máa tọ́ka sí. Àwọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mi ò gbà pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ìṣesí ènìyàn níwájú kámẹ́rà yẹn gan-an ni àárò rẹ̀ ń sọ wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo fíìmù fúnra rẹ̀. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n fi jẹlatíìnì, ohun kan tó dà bí àtè, kùn, àwọn hóró kéékèèké tó ní fádákà nínú sì wà nínú jẹlatíìnì náà. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ojú ènìyàn wọnú lẹ́ńsì á kan àwọn hóró yìí, oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù á sì sọ èyí tó kàn di fádákà gidi. Àwọn hóró náà kò tò ní ìlà bíi ti kámẹ́rà òde òní. Ṣe ni wọ́n fọ́n káàkiri, àwòrán méjì kò sì lè ní irú kan náà. Nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí ibi tó mọ́lẹ̀ ti ń hàn ní dúdú, tí ibi tó dúdú sì ń mọ́lẹ̀, tún máa ń fara da ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Níbi tí iwájú orí ti ń dán, díẹ̀díẹ̀ ló ń funfun, kì í ṣàdédé di báláú.

Pípọ́n tó wà lára ọ̀pọ̀ fọ́tò àtijọ́ ńkọ́? Ayàwòrán kò mọ̀ nípa ìyẹn rárá. Àwọn aró inú fọ́tò aláwọ̀ kì í ṣá bákan náà, èyí tó bá pẹ́ jù ló ń borí.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi Rolleiflex, kámẹ́rà onífíìmù kan tó kọ́kọ́ jáde ní 1929, yàwòrán ènìyàn. Ayàwòrán á gbé e sí ọ̀gangan ikùn, á tẹrí ba wo dígí orí rẹ̀. Àtàrí rẹ̀ nìkan ni ẹni tó jókòó ń rí, kò sí ojú tó tẹjú mọ́ ọn. Nínú dígí náà, ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún, nítorí náà ayàwòrán á máa rọra yí ara padà. Lórí róòlù kan irú fíìmù tí wọ́n ń pè ní 120, àwòrán 12 péré ló máa rí yà, kò ní kánjú tẹ bọ́tìnì. Kó tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín á ti sú ẹni tó jókòó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wálẹ̀, ojú á padà sí bó ṣe máa ń wà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Ìgbà yẹn ni bọ́tìnì á dún. Kò sì sí ibi tó ti lè wo ara rẹ̀ títí wọ́n á fi fọ fíìmù.

Lónìí, a ó yà á, a ó wò ó, a ó tún ojú ṣe, a ó tún un yà. Ojú tí a fọwọ́ ara wa ṣà ni.

Síbẹ̀, kí ìfẹ́ ohun àtijọ́ má fọ́ wa lójú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun kan, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ni àwọn ibi ìfọ-fíìmù fi ń díwọ̀n àwọ̀. Bí aláwọ̀ dúdú àti funfun bá jọ wà nínú àwòrán kan, ojú aláwọ̀ dúdú lè ṣókùnkùn débi pé ẹyinjú àti eyín nìkan ló hàn. Ó dùn mí pé àwọn kan kò ní àwòrán àtijọ́ tó fi ojú wọn hàn bó ṣe rí. Nígbà tó yá ni àwọn tó ń ṣe fíìmù tún un ṣe.

Ẹnìkan bi mí bóyá áàpù fọ́ònù tó ń fọ́n hóró sójú àwòrán lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó lè fún yín ní hóró, kò lè fún yín ní àkókò ìdúródè yẹn. Ẹ fi fọ́ònù yín yàwòrán ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má sì jẹ́ kó wò ó títí di ọjọ́ kejì. Bí nẹ́gátíìfù bá ṣì wà nílé, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù, tó gbẹ, tí oòrùn kò dé, ẹ má fi ìka kan àárín rẹ̀. Fọ́tò orí pépà lè ṣá, àmọ́ wọ́n ṣì lè tẹ òmíràn láti ara nẹ́gátíìfù náà.