Òṣìṣẹ́ Inú Ìwé Eléwé Ogójì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ọjà Ìtòkú nílùú Abẹ́òkúta lẹ ń wò yìí, níbi tí àwọn aláàdìrẹ ti pàtẹ aṣọ wọn lọ rẹrẹẹrẹ. Bí a bá dárúkọ ọrọ̀ ajé ìkọ̀kọ̀, ìyẹn òwò àti iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé ìjọba, àwọn ìyá wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń nawọ́ sí, ṣùgbọ́n, ní tèmi, kí ni wọ́n fi pamọ́? Ojútáyé ni ọjà wọn wà.

Ẹni tó ń fara pamọ́ gan-an ni agbanisíṣẹ́ tó ń lo èèyàn tí kì í jẹ́ kí orúkọ wọn hàn níbì kankan. Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ogún èèyàn ló ń po ìyẹ̀fun, tí wọ́n ń ti páànù bọnú ààrò, tí wọ́n sì ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá láti alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ló ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Inú ìwé eléwé ogójì tí máníjà ń ká sápò ni orúkọ àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù wà. Bílẹ̀ bá mọ́, wọn a tò, wọn a gba owó wọn, ó tún di alẹ́. Bí ààrò bá jó ọ̀kan lápá, owó oògùn díẹ̀ ni wọn yóò fún un, wọn yóò sì fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, Òfin Òṣìṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ ti gba ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NSITF, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí owó gbà-má-bìínú gbà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 mú ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù láti ọwọ́ ọ̀gá, ìdá 8 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ ti rí iṣẹ́ tí ìwé eléwé ogójì yẹn ń ṣe. Ó sọ ogún èèyàn di mẹ́rin, ó sì mú kó dà bíi pé òfin owó ìfẹ̀yìntì kò mú ọ̀gá.

Ìjọba ló lè fìyà jẹ arúfin, àmọ́ olùbẹ̀wò rẹ̀ kì í sí nídìí ààrò láago méjì òru. Òṣìṣẹ́ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ bọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá a sọ ọ́ láìdárúkọ rẹ̀. Ẹnì kẹta tí a sábà máa ń gbàgbé ni agbanisíṣẹ́ tó ń san ẹ̀tọ́. Òun mọ iye ìyẹ̀fun, ó mọ iye epo dísù, ó sì mọ̀ pé búrẹ́dì tí aládùúgbò òun ń tà lówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ọjà rẹ̀ ń kú lọ, nítorí náà ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ìjókòó àwọn mẹ́ta yìí ni ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, dúró lé láti ọdún 1919. Òun náà ni ìmọ̀ràn rẹ̀ ti ọdún 2015, tó dá lórí bí òwò àti iṣẹ́ aláìforúkọsílẹ̀ yóò ṣe bọ́ sábẹ́ òfin, sọ pé kí ìjọba lò.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó orí nìkan ni ìjọba gbé lọ́wọ́ wá, àwọn èèyàn yóò sá. Ẹ̀gbá mọ èyí ju ẹni tó ń kọ́ wọn lọ: Ogun Adùbí ti ọdún 1918, tí owó orí wà lára ohun tó fà á, ń bẹ nínú ìtàn, ìwọ́de àwọn obìnrin lórí owó orí tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú ń bẹ níbẹ̀, èyí tó jẹ́ kí Aláké Adémọ́lá Kejì gbé adé sílẹ̀ lọ́dún 1949. Ẹ̀rù owó orí yìí náà ló ń mú kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa bá ọ̀gá rẹ̀ bo àṣírí. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù kìíní ọdún 2026, òfin tuntun kò bu owó orí kankan lé 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún. Ta ni yóò sọ èyí fún un tí yóò gbà á gbọ́? Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe agbowó orí.

Bí wọ́n bá ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù yín lónìí, ó yẹ kí nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN wà lọ́wọ́ yín. Ẹ mú un tọ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà lọ, kí ẹ béèrè bóyá ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn.