Umm Kulthum: Ohùn Tí Ilé Kéwú Tọ́ Dàgbà

Nígbà tí Umm Kulthum, akọrin obìnrin ará Íjíbítì, kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1975, èrò tó tú jáde ní ìlú Káírò pọ̀ débi pé wọ́n gba pósí lọ́wọ́ àwọn tó gbé e, wọ́n sì gbé e gba ọ̀nà tó wù wọ́n lọ sí mọ́sálááṣí al-Husayn. Bí a bá béèrè ohun tó sọ akọrin kan di ẹni àpọ́nlé tó bẹ́ẹ̀, agbára ohùn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń tọ́ka sí. Èmi kò jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n ilé kéwú ni mo fẹ́ kí a wò.

Abúlé Tamay al-Zahayra, ní agbègbè tí odò Náílì ti ń pín sí ẹ̀ka kí ó tó wọ òkun, ni wọ́n bí i sí; àwọn kan ní 1898 ni, àwọn mìíràn ní 1904. Lémọ́ọ̀mù ni bàbá rẹ̀, ó sì máa ń kọ orin ẹ̀sìn níbi ìgbéyàwó kí owó ilé lè tó ná. Nígbà tó yá tí ó ń mú ọmọ náà dání lọ sóde, aṣọ ọmọkùnrin ni ó ń wọ̀ fún un, nítorí ìtìjú ni lójú rẹ̀ pé kí ọmọbìnrin máa kọrin lójú agbo.

Ẹni tó bá ti jókòó nídìí wàláà rí yóò mọ ohun tí ọmọ yìí jèrè nílé kéwú: ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń jáde nínú ọ̀fun àti ẹnu, ibi tí a ti ń fa ohùn, àti ibi tí a ti ń dánu dúró kí ìtumọ̀ má baà bàjẹ́. Nígbà tí ó kó lọ sí Káírò ní nǹkan bí ọdún 1923, ẹ̀kọ́ yìí ni ó fi ṣiṣẹ́ lórí ewì Ahmad Rami, ẹni tó kọ orin tó lé ní 100 fún un.

Rédíò ìjọba Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ ní 1934. Láìpẹ́, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù di tirẹ̀, àwọn ènìyàn jákèjádò ilẹ̀ Lárúbáwá a sì péjọ sídìí rédíò. Yóò dúró níwájú àwọn onílù àti olóhun-èlò, aṣọ ìnujú lọ́wọ́, yóò kọ ìlà kan. Bí àwọn olùgbọ́ bá ti pariwo pé kí ó tún un kọ, yóò padà sórí ìlà kan náà, ṣùgbọ́n yóò yí ohùn padà, yóò fa ọ̀rọ̀ tí kò fà tẹ́lẹ̀. Bí orin kan ṣe ń gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn, láìsí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọnù létí ẹni tó ń gbọ́.

Ní 1964, òun àti Mohammed Abdel Wahab, akọrin àti olùpilẹ̀ orin, tí wọ́n ti ń bára wọn díje láti ìgbà pípẹ́, pawọ́ pọ̀ ṣe orin "Inta Omri", tí gìtá oníná wà nínú rẹ̀. Ìlù ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gùn jù lójú tèmi. Lẹ́yìn tí Íjíbítì pàdánù ogun 1967 tó bá Ísírẹ́lì jà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin káàkiri, ó sì ń kó owó rẹ̀ fún ìjọba. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó kọrin ní gbọ̀ngàn Olympia ní Paris, èdè Lárúbáwá ni ó sì fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.