Kí Ìròyìn Owó Ìrànwọ́ Tó Dé Ọjà, Fọ́ọ̀mù Ti Tán

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àtàwọn ọlọ́jà sọ nínú gbọ̀ngàn àdúgbò wa n'Ìbàdàn rèé. Àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ síbí.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ wá ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé, owó ìrànwọ́ àti ètò àdúgbò tó ń ti káńsù jáde. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló gbé mi wá, bí mo bá sì yà síbí yà sọ́hùn-ún, ibẹ̀ náà ni màá padà sí: ètò tí ẹni tí wọ́n ṣe é fún ò bá gbọ́ nípa ẹ̀, kò sí ètò kankan ńbẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ lẹ́ka ìdàgbàsókè àdúgbò ní káńsù kan, kì í ṣe Ìbàdàn níbí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Lọ́dún kan, fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣòwò kékeré dé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri nínú ọ́fíìsì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ọjọ́ márùn-ún péré sì ni. Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́ níwájú géètì wa, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń rà lọ́wọ́ ẹ̀, àwìn gan-an a máa rà. Ìyá yẹn ò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ló wá bi mí pé, "Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ ti pín owó kan?" Mo ń rí fọ́ọ̀mù yẹn láràárọ̀, kò sì wá sí mi lọ́kàn kí n jáde síta lọ sọ fún un, ìwọ̀n ogójì ẹsẹ̀ bàtà ni géètì sí tábìlì mi. Títí dòní ó ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí káńsù jẹ́, torí ẹni tí ò mọ ohun tó jẹ́ tiẹ̀ ò lè bèèrè ẹ̀. Òfin ìjọba ọdún 1999, abala keje, ló ní kí káńsù tí ará ìlú dìbò yàn wà. Ẹ wá ṣí i dé ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n to iṣẹ́ káńsù sí, ẹ ó rí i: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, títì àdúgbò àti gọ́tà ẹ̀, iná ojú títì, kíkó ìdọ̀tí, orúkọ àdúgbò, nọ́ńbà ara ilé, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti ẹni tó kú sílẹ̀, kí wọ́n tún báwọn lọ́wọ́ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Nínú gbogbo ẹ̀, ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti fi kíkọ́ ilé gbígbé lé káńsù lọ́wọ́: ilé fún àwọn aláìní àti àwọn aláìlera. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un gbọ́. Káńsù ni òfin ní kó máa kọ́ ilé fún arúgbó tí ò lẹ́ni, fún aláàbọ̀ ara tó ń sùn lábẹ́ bíríìjì. Mo ti bèèrè ibi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un, wọ́n kàn ń wò mí ni. Kì í ṣe pé wọ́n burú o. Kò sẹ́ni tó kà á sí wọn létí rí.

Ti ilẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ẹ̀yin mọ Òfin Ìlò Ilẹ̀ 1978, gbogbo wa la mọ̀ pé gómìnà ló ni àṣẹ ilẹ̀ ìgboro. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro, káńsù ló láṣẹ àtifún ènìyàn, tó bá jẹ́ ilẹ̀ oko kò gbọdọ̀ ju hẹ́kítà 500 lọ fún ẹnì kan, tó bá jẹ́ ti ìjẹko ẹran kò gbọdọ̀ ju 5,000 lọ, àfi tí gómìnà bá fọwọ́ sí i. Òfin tún ní kí ìgbìmọ̀ kan wà tí yóò máa gba káńsù nímọ̀ràn lórí ilẹ̀ yẹn. Àwọn wo ló wà nínú ìgbìmọ̀ tiwa? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn yìí kó nawọ́. (Ẹnikẹ́ni ò nawọ́.)

Ẹ wá gbọ́ ti owó. Ní 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí Lateef Fágbèmí, mínísítà ètò ìdájọ́, pe gbogbo gómìnà 36, pé owó káńsù kó máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí wọ́n dìbò yàn. 20.60 nínú 100 ni ìpín ìjọba ìbílẹ̀ nínú owó àpapọ̀. Ẹ mọ bọ́rọ̀ ṣe ń lọ látìgbà yẹn, mi ò ní tún un wí. Àwọn kan ti wá sọ ọ́ di orin, pé tówó bá ti dé tààrà ìyà ti tán. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn! Tówó bá kúrò lápò gómìnà tó bọ́ sápò alága, tí wọn ò sì lẹ ìwé owó mọ́ ibi táa ti lè rí i, kí ló yí padà fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́?

Àwọn kan a ní ará ìlú kì í kàwé tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? N'Ìbàdàn yìí, ilé mélòó ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ" sí? Ta ni ò rí i kà rí? Ẹni tó ní ilé fẹ́ ká kà á, ló ṣe kọ ọ́ gàdàgbà síta. Ẹni tí ò fẹ́ ká kà á ló ń lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ilé. Láyé tí Lateef Jákàńdè ń ṣe gómìnà l'Ékòó, láàárín 1979 sí 1983, èèyàn rí ilé olówó pọ́ọ́kú tó dìde lójú ara wọn, orúkọ ẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀sìtéètì dòní. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde báyìí pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé 100 sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774, ilé 77,400 nìyẹn, fún àwọn tówó ń wọlé fún díẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 11 nínú ẹ̀ n'Ìbàdàn. Ilé 1,100 ló yẹ kó jẹ́ ti Ìbàdàn nìkan. Ilẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí? Ta ló ń kọ orúkọ? Mo fẹ́ máa bá a lọ láti ibẹ̀ ni Ìyálọ́jà dìde, tí wọn ò tiẹ̀ dúró de máíkì.

Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun sà. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ ló dára. Ṣùgbọ́n èmi ò lè kọ lẹ́tà, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ọjà mi náà ò lè kọ ọ́. Tí a bá lọ sí káńsù lọ bèèrè, wọn á ní ká lọ kọ lẹ́tà wá. Ọ̀nà wo la ó gbé e gbà?"

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo ti kó ìwé tí mo fẹ́ kà lẹ́yìn ìyẹn sílẹ̀, mo sì pa á tì, torí ìbéèrè yẹn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ìdáhùn tí mo fún wọn nìyí. Òfin kan wà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí lọ́dún 2011, Freedom of Information Act ni wọ́n ń pè é lédè Òyìnbó, òun ló fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé ìjọba wò. Wọn ò gbọdọ̀ bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dá yín lóhùn, wọ́n lè fi ọjọ́ méje kún un tí iṣẹ́ ọ̀hún bá pọ̀. Ẹni tí ò mọ̀wé kọ lè rán ẹlòmíì lọ, tàbí kó fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá sọ ọ́ fún gan-an ni òfin ní kó kọ ọ́ sílẹ̀! Ìyálọ́jà ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Káńsù tó bá fi ìwé náà du yín láìtọ́, ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn 500,000 náírà lé e. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń jiyàn pé òfin yẹn ò dé ìpínlẹ̀ àti káńsù, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti parí ìjà yẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2025: gbogbo ìjọba ló mú.

Ibẹ̀ ni alága ìjókòó ti ń fi aago hàn mí, ló jẹ́ pé mo sáré sọ èyí tó kù. Owó 50,000 náírà tí ìjọba àpapọ̀ kéde fún oníṣòwò kékeré ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní 70 nínú 100 jẹ́ ti obìnrin àti ọ̀dọ́, 10 fún aláàbọ̀ ara, 5 fún àgbàlagbà. Kì í ṣe owó yíyá, a ò ní dá a padà. NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, àti BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, ni wọ́n bèèrè, nítorí náà ẹ bá àwọn ìyá tí ò tíì ní nọ́ńbà wọ̀nyí lọ ṣe é kí èyí tó ń bọ̀ tó dé. Ti ètò àdúgbò, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ àti gọ́tà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dìde sí. Mo dúró síbẹ̀.

Ìyálọ́jà ò jẹ́ ká túká. Wọ́n ní kí ọmọ kan mú ìwé wá, àwọn ń sọ, ọmọ ń kọ: orúkọ gbogbo ẹni tó gba owó ìrànwọ́ ní wọ́ọ̀dù wa, ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé 100, àti ibi tí ilé àwọn aláìní wà. Àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fọwọ́ sí i, mẹ́rìnlá tẹ ìka. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló dé káńsù, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìyálọ́jà báyìí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ síta, níwájú.