Bí a ṣe ń de káríà mọ́ ihò tí ilé iṣẹ́ ti ṣe sórí ọkọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá láti Ifẹ̀, Iléṣà àti ibi gbogbo. Káríà tí a fẹ́ dè lónìí kì í ṣe èyí tó ń di etí ilẹ̀kùn mú. Èyí ní ibi ìdè tirẹ̀: ihò mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, tí ilé iṣẹ́ ti jó nọ́ọ̀tì mọ́ lábẹ́ páànù. Mazda 3, Ford Focus àti BMW 3 Series wà lára àwọn tó sábà máa ń ní in. Ẹ wá ìdérí kékeré nínú kòtò tó gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé kọjá, tàbí kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ wo férémù rẹ̀ lókè.

Bí ẹ ò bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé dírílì. Páànù òrùlé fẹ́lẹ́, kò lè mú ẹrù dúró, omi òjò á sì gba ibẹ̀ wọ sílíìnì. Káríà etí ilẹ̀kùn ni kí ẹ rà fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, kí ẹ to káríà lé e. Irin ìdábùú méjì ló ní, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, gígùn wọn kì í sábà dọ́gba. Ẹ wo àmì tí wọ́n kọ sí ẹsẹ̀ wọn kí ẹ má baà gbé ti iwájú sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ rà, ẹ yẹ bóòtù rẹ̀ wò dáadáa. Èyí tó bá gùn jù á kan ìsàlẹ̀ ihò, á le lọ́wọ́ yín bíi pé ó ti dè, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ káríà ṣì ń mì.

Ó yá, ẹ nu òrùlé mọ́. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu súkúrù-díráfà, kí ẹ fi rọra gbé ìdérí. Ẹ wo inú ihò yìí: eruku ọyẹ́ ti dì í. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tú u, lẹ́yìn náà kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Fọ́kanáísà tó bá wà nítòsí lè bá yín ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n gbé kámẹ́rà sún mọ́ ibí yìí, torí ibẹ̀ ni káríà ti ń bàjẹ́ jù. Kí ẹ tó gbé irin kankan sókè, ẹ fi bóòtù nìkan sí ihò. Ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ “kọ́”, ìyẹn ni pé tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì, ìlà tó yí ara bóòtù àti inú nọ́ọ̀tì po, ti pàdé. Wàyí o, ẹ yí i síwájú, pẹ̀lú ìka nìkan. Ó yẹ kó yí bí ìyípo mẹ́rin tàbí márùn-ún láìfi spánà kàn án. Bó bá le lẹ́yìn ìdajì ìyípo, ó ti wọlé wíwọ́ nìyẹn. Ẹ tú u. Bí ẹ bá fi agbára tì í, ẹ ó rí èérún irin tó ń dán lẹ́nu ihò. Tírẹ́ẹ̀dì ti ń jẹ nìyẹn, àtúnṣe rẹ̀ sì lè mú kí wọ́n sọ sílíìnì ọkọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin méjì ni kí ẹ jọ gbé irin iwájú, ẹnì kan lápá kan. Ẹ rí i pé rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ jókòó pẹrẹsẹ. Ẹ fi ìka de bóòtù ọ̀tún àti ti òsì, kí ẹ ṣe ti ẹ̀yìn bákan náà. Ìgbà yẹn ni L-key, irin onígun tí a fi ń yí bóòtù, tó dé: ẹ yí ọ̀tún díẹ̀, ẹ yí òsì díẹ̀, títí méjèèjì á fi dè. Bí ẹ bá de ẹ̀gbẹ́ kan tán pátápátá, ìkejì ò ní bọ́ sójú ihò mọ́. Iye agbára tó yẹ wà nínú ìwé káríà. 6 Nm (Newton-mítà, ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù) wọ́pọ̀ fún bóòtù kékeré. Kò pọ̀ rárá, nítorí náà ẹ má fi páìpù gùn spánà.

Ẹ di irin náà mú, kí ẹ mì í. Ọkọ̀ lódindi ló yẹ kó mì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ tún tì wọ́n, kí ẹ rí i pé wọn ò kan káríà.

Ẹrù wá ńkọ́? Ẹ wo ìwé ọkọ̀ àti ìwé káríà. Èyí tó kéré jù nínú iye méjèèjì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bó bá jẹ́ 75 kg, tí káríà fúnra rẹ̀ wọn 5 kg, 70 kg ló ṣẹ́kù. Àpò ìrẹsì 50 kg kan lè gùn ún, méjì ti pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀dì fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn máa ń gbé e láti iwájú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ OAU tẹ́ ẹ ń kó lọ sí họ́sítẹ̀lì, ẹ fi okùn so iwájú rẹ̀ mọ́ ihò tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀, kì í ṣe kí ẹ fi ọwọ́ dì í láti ojú wíńdò.

Ẹ tún bóòtù yẹ̀ wò lẹ́yìn bíi 50 km. Ifẹ̀ sí Iléṣà lọ àti bọ̀ ti tó o, pàápàá pẹ̀lú kòtò àti gegele ọ̀nà wa. Ìdérí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kan nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tú káríà, ẹ dá wọn padà lójú ẹsẹ̀ kí òjò má baà rọ sínú ihò, kí nọ́ọ̀tì má sì dípẹtà.